Nígbà tí Abẹ Dókítà bá Iṣẹ́ Olóólà Pàdé

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní egbò rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà fi ohun kan sílẹ̀ tí kò dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ara tí a ń wí ti jẹ́ ojú àpá tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti fi abẹ fín àwòrán sí wa lára, tí a fọwọ́ sí i, tí a sì ti ń fi í yangàn láti ìgbà èwe, tí àìsàn wá dé, tí dókítà sì ní láti gba ibẹ̀ wọ inú ara, ǹjẹ́ dókítà náà jẹ wá ní ohunkóhun nítorí àwòrán yẹn? Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ara rẹ̀ dán. Ó ti dà bẹ́ẹ̀ lójú èmi náà rí.

Àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Iffe, ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Kábà. Ní ìgbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, oníkóló kan tí ń kiri láti ìlú dé ìlú gba ibẹ̀ kọjá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì jókòó fún un ní ọjọ́ kan náà. Alángbá ni ó fín sí àwọn méjèèjì níkùn. Orí alángbá náà wà ní apá ọ̀tún, ara rẹ̀ gba abẹ́ ìdodo kọjá, ìrù rẹ̀ sì ká sí apá òsì. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn. Ó sọ fún mi pé àwọn di ara àwọn lọ́wọ́ mú, àwọn kò sì sunkún, nítorí ẹni tí ó bá sunkún níwájú oníkóló yóò máa gbọ́ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi lọ sí ilé ọkọ. Ọ̀rẹ́ náà kò dàgbà kí ó tó kú. Láti ìgbà náà, nínú alángbá méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù.

Nígbà tí àbúrò ìyá mi lé ní ogójì ọdún, iju mú un. Ikùn rẹ̀ yọ bí ti aboyún oṣù mẹ́fà. Ilé-ìwòsàn kan, tí n kò ní dárúkọ, gbà á, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà ní àṣeyọrí. Wọ́n la ikùn rẹ̀ ní òòró, láti ìdodo lọ sí ìsàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn alángbá. Nígbà tí egbò jinná tán, ìdajì iwájú alángbá náà wà ní ipò rẹ̀, ìdajì ẹ̀yìn sì ti wálẹ̀ tó ìbú àtàǹpàkò. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ẹranko méjì ni, tí ọ̀kan ń lé èkejì. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, tí ẹnu mi kì í sinmi, sọ fún un pé, “Màmá, ẹ ṣáà dúpẹ́ pé ẹ̀mí yín wà.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ta ni ó sọ fún ọ pé n kò dúpẹ́?”

N kò rí èsì kankan fọ̀ ní ọjọ́ náà. Mo ti rò pé ibi tí ọpẹ́ bá wà, ẹ̀dùn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ìyá yìí mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá yọ ọmọ mi nínú odò, mo jẹ ẹ́ ní ọpẹ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n bí ó bá la àárín iṣu mi kọjá dé etí odò náà, nígbà tí ọ̀nà tí ó ṣeé rìn wà ní ẹ̀gbẹ́ oko, ọpẹ́ tí mo ń dá kò sọ oko náà di ilẹ̀ tí kò ní olóko. Ohun méjì ni wọ́n, a sì ní láti dá wọn rò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ àwọn ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń da gbogbo wọn pọ̀ nínú ìdánwò. Ilà ojú ni èyí tí olóólà ń kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, púpọ̀ rẹ̀ ní ìgbà tí ọmọ náà kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, tùrẹ́ àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ilà ń sọ ìlú àti ìdílé tí a ti jáde. Kóló yàtọ̀ sí i. Àwọn ìlà kéékèèké ni wọ́n, tí a fín sí apá, ẹ̀yìn, itan tàbí ikùn, tí a sì fi dúdú ìdí ìkòkò tàbí èédú lílọ̀ pa lójú kí àwọ̀ rẹ̀ lè dúró. Ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí òun ń ṣe ni ó sábà máa ń gba kóló, nítorí náà ó ń sọ nǹkan nípa ìfaradà àti oge ẹni náà fúnra rẹ̀. Bùjé kì í dá ara lọ́gbẹ́ ní tirẹ̀. Oje èso ni, ó sì ń ṣá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú bùjé.

Ní ilẹ̀ Òkun, ọ̀rọ̀ ilà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge lásán. Ilà mẹ́ta gígùn tí ó pàdé ní etí ẹnu ni a fi ń dá ọmọ Yàgbà mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídá ń kó ènìyàn lẹ́rú ní agbègbè wa, wọn kò sì jáwọ́ títí àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídá ní 1897. A lè yí orúkọ ẹni tí a kó lọ padà. Òun fúnra rẹ̀ lè gbàgbé èdè bí ó bá jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n mú un. Ohun tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọn kò lè gbà. Ọ̀pọ̀ ni ojú nìkan kù fún gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rí ilé.

Àwọn tí ó ti kú kò lè fi awọ wọn hàn wá. Ní Iffe gan-an, nínú ihò àpáta tí a ń pè ní Itaakpa, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ènìyàn tí ọjọ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Bí ẹni náà bá kọlà, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ mọ́ awọ. Ara ère ni a ti ń rí i. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń tọ́jú wọn láti 1945, ní ilà lójú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí tí a hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére àti agbẹ́kùúta ka ilà sí apá kan ojú. Ẹni tí ó gbẹ́ imú tí kò gbẹ́ ilà kò tíì gbẹ́ ènìyàn náà tán.

Ẹ jẹ́ kí a bá dókítà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ wàyí, kí a má baà dá a lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Awọ ara ní ọ̀nà tí ó ń fà sí, bí igi ti ní ojú tí ó ń là sí. Ní 1861, Karl Langer, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní ìlú Vienna, kọ̀wé nípa bí òun ṣe fi òòlu ẹlẹ́nu róbótó gún òkú lára káàkiri. Ihò róbótó ni à bá retí, ṣùgbọ́n ihò gbọọrọ ni ó ń rí, tí gbogbo wọn sì kọjú sí apá kan náà ní ibi kọ̀ọ̀kan lára. Dupuytren ará Faransé ti ṣàkíyèsí irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lára ẹni tí ó fi irin gún ara rẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́-abẹ rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí a bá la awọ tẹ̀lé ọ̀nà tí ó ń fà sí, àpá rẹ̀ yóò tín-ín-rín. Bí a bá là á lódì sí i, ẹnu egbò yóò yà, àpá rẹ̀ yóò sì nípọn. Ní ọrùn àti ìsàlẹ̀ ikùn, ìbú ni ọ̀nà náà gbà. Ìdí nìyí tí a fi ń yọ gẹ̀gẹ̀ láti inú ìká ọrùn, ìká kan náà tí Yorùbá ń yìn lọ́rùn arẹwà obìnrin. Ní 1900, Pfannenstiel, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa bí a ṣe lè la ìsàlẹ̀ ikùn ní ìbú, ní ibi tí awọ ti ká. Lára ọ̀pọ̀ ìyá tí a fi iṣẹ́-abẹ gbẹ̀bí fún lónìí, irú àpá yìí ni a ó rí.

Àwa aláwọ̀ dúdú tún ní ẹrù mìíràn. Àpá wa a máa wú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nígbà mìíràn a sì di kókó tí ó ń tẹ́ kọjá ojú egbò, pàápàá ní àyà, èjìká àti etí. Kèlóìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Alibert ará Faransé kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ní 1973 dókítà Omo-Dare tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà láti fi hàn pé Yorùbá ti mọ irú àpá bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Faransé tó fún un ní orúkọ. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé dókítà tí ó bá sọ fún aláwọ̀ dúdú pé àpá kékeré ni yóò kù kò tíì sọ gbogbo òótọ́.

Bí dókítà bá wá bá fínfín lára aláìsàn ńkọ́? Ọ̀nà wà, kò sì ṣòro. Ó lè gba etí àwòrán, níbi tí dúdú ti pàdé ara lásán, kí àpá lè fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí ó ti wà níbẹ̀. Bí àìsàn bá gbà bẹ́ẹ̀, ó lè fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti ojú wọ inú ikùn láti ihò kéékèèké, kí ó sì fi ọ̀kan nínú ihò náà sí ìdodo, níbi tí ojú kò ní í rí i. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó la àárín àwòrán kọjá, kí ó kọ́kọ́ fi kálàmù sàmì sí i: àmì kan ní ọ̀tún, ìkejì rẹ̀ ní òsì, méjìméjì títí dé òpin ibi tí abẹ yóò gbà. Kí ó ṣe èyí kí ó tó gún abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, nítorí omi abẹ́rẹ́ a máa mú awọ wú, àwòrán a sì yà. Kí ó ṣe é nígbà tí aláìsàn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ikùn ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kì í wà ní ibi tí ó wà nígbà tí ó dúró. Nígbà tí ó bá fẹ́ rán an, kí ó mú àmì pàdé àmì ná, kí ó tó rán ìyókù. Alágbàfọ̀ kò lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó ti fi àdìrẹ rán bùbá rí mọ ohun tí mo ń wí. Kì í gé aṣọ oníṣẹ́-ọnà bí ẹni ń gé tẹ́ẹ́rù.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí dókítà ń rò tí àwa kì í rò. Ara tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín tí kò tíì jinná kò yẹ ní ibi tí a ń gbà wọ inú. Dúdú tí a fi pa ojú fínfín kì í sì dúró sí ojú kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa rìn lọ sí àwọn kókó abíyá àti ti abẹ́nú, a sì sọ wọ́n di dúdú, tí oníṣẹ́-abẹ tí kò béèrè fi lè rò pé jẹjẹrẹ ni òun rí. Nítorí náà, bíbéèrè nípa fínfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ó jẹ mọ́ ìtọ́jú gan-an.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi olóólà wé dókítà láti fi olóólà ṣe yẹ̀yẹ́. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Olóólà pẹ̀lú ń fa awọ le kí abẹ má baà yà, ó ń wọn ọ̀tún kí òsì lè bá a dọ́gba, ó mọ bí abẹ ti gbọ́dọ̀ wọlé tó, ó sì ń fi omi ìgbín rọ ojú egbò lára. Ògún ni àwọn méjèèjì ń sìn, bí ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Àbùkù olóólà wà ní ibòmíràn, n óò sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Nísinsin yìí, kí ni à ń bi dókítà? Ẹni kìíní tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kò lójú, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dá mi lóhùn kíá pé ẹ̀mí ni ó kọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya nínú ikùn, bí ọmọ bá ń kú lọ nínú ìyá rẹ̀, ta ni yóò máa wo alángbá? Mo gbà pátápátá. Ẹni tí ó bá dúró sàmì sí àwòrán nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ ti hùwà òmùgọ̀. Mo tún gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n ṣe la ikùn àbúrò ìyá mi ní òòró kò burú. Iju tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ àyè, ọ̀nà òòró sì ni ó fún dókítà ní àyè àti ìfọkànbalẹ̀. N kò bá ọ̀nà tí abẹ gbà jà.

Ṣùgbọ́n iju kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá yìí fi ń lọ tí ó ń bọ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún un. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bi í léèrè oúnjẹ tí ó jẹ àti iye ọmọ tí ó bí. Ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó tẹ ikùn náà wò, orí alángbá ni ọwọ́ wọn sì wà. Ẹnì kan ṣoṣo kò béèrè pé, “Màmá, kí ni èyí?” Níbí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ “ẹ̀mí ni ó kọ́kọ́” ti ń di ìbòjú. Ohun tí a sọ nítorí ìṣẹ́jú kan tí kò sí àyè, a ti sọ ọ́ di àwáwí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àyè wà.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìwà ni ẹwà, pé kí àgbàlagbà má fi ọ̀rọ̀ ara yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n ibí yìí kò yẹ ẹ́. Ọmọbìnrin tí ó jókòó tí kò sunkún, tí ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ìwà ni ó hù ní ọjọ́ náà. Alángbá yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀. Bí ilà bá jinná tán, oge ni í dà, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti wí. Wọn kò wí pé oge náà kò ní ìtàn nínú.

Òfin pàápàá ti ṣáájú wa dé ibẹ̀. Ní 1914, nínú ẹjọ́ obìnrin kan tí ó gba àyẹ̀wò lábẹ́ oorun oògùn ṣùgbọ́n tí kò gbà kí wọ́n gé nǹkan kan kúrò, Adájọ́ Cardozo ti New York sọ ọ́ di mímọ̀ pé àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ni ó ni àṣẹ lórí ohun tí a ó fi ara rẹ̀ ṣe. Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 pa á láṣẹ pé kí a sọ ipò tí aláìsàn wà fún un, àti ọ̀nà ìtọ́jú tí ó wà, àti ewu àti àǹfààní rẹ̀. Ó fi kún un pé, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, ní ìwọ̀n ìmọ̀ ìwé tí ó ní. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ èdè ronú lórí gbólóhùn yẹn. Àbúrò ìyá mi fi àtàǹpàkò tẹ ìwé kan kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́-abẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Bí a bá sọ pé ó fọwọ́ sí i, ọwọ́ nìkan ni ó fi sí i.

Mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwòrán ni dókítà jẹ ní gbèsè. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán kò lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tí ó ni ara ni ó lẹ́tọ̀ọ́. Mo sì fẹ́ kí àwa tí a fẹ́ràn àṣà ṣọ́ra níbí, nítorí ibí ni ẹsẹ̀ wa ti lè yọ̀. Ó rọrùn fún wa láti gbèjà kóló ìyá arúgbó. Ṣé a ó gbèjà àwòrán tí ọmọ ogún ọdún lọ fi ẹ̀rọ fín ní Èkó tàbí Àbújá, orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, tàbí àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó? Mo mọ olùkọ́ tí yóò wí pé kí dókítà la irú èyí já láìbojúwẹ̀yìn. Kò tọ̀nà. Bí a bá ní kí dókítà máa wọn iyì àwòrán kí ó tó mọ bí yóò ti tọ́jú ara, a ti fi í jẹ adájọ́ lórí ohun tí kò kàn án. Agbábọ́ọ̀lù àti alángbá, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú abẹ.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti ilà ojú, òun sì ni àbùkù olóólà tí mo ní n óò dé. Olóólà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ojú. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀ kò lè fèsì. Àwọn òbí ni ó ń fèsì fún un, wọ́n sì ní ìdí tiwọn, pàápàá nígbà tí ẹlẹ́ṣin lè dé láàárọ̀ ọ̀la. Ìdí náà ti lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka kíkọ ilà tàbí fínfín sí ọmọdé lára léèwọ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì wà láàárín wa tí wọ́n gbé ilà tí wọn kò yàn kiri. Bí ọ̀kadà bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣubú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ya, kí ni oníṣẹ́-abẹ yóò ṣe? Ìmọ̀ iṣẹ́ ń wí fún un pé kí ó mú ilà pàdé ilà, kí ojú lè padà sí bí ó ti wà. Ìfẹ́ àṣà ń wí bákan náà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọkùnrin tí ó dùbúlẹ̀ yẹn ti ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, pé wọ́n ti fi ilà náà sọ ọ́ lórúkọ tí kò fẹ́, pé ó ti ń wá owó tí yóò fi mú un kúrò. Ó sì lè jẹ́ pé ilà yẹn nìkan ni ó jogún lọ́wọ́ baba tí kò mọ̀. Ojú kan náà, ọgbẹ́ kan náà. Kò sí ohun tí ó wà lára awọ tí ó lè sọ fún dókítà èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì. Ẹnu ọkùnrin náà nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Bí ó bá wá dákú, tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo rò pé kí dókítà dá ojú rẹ̀ padà bí ó ti bá a. Èyí kò wá láti inú ìfẹ́ ilà. A lè pa ohun tí a dá padà rẹ́ ní ọjọ́ mìíràn bí olóhun bá fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí a pa rẹ́ láìbéèrè kò ṣeé béèrè mọ́. N kò fi ọwọ́ sọ̀yà pé èrò mi yìí kò ní àbùkù. Ọkùnrin náà lè jí kí ó wí pé, “Ọlọ́run bá mi ya á, ẹ̀yin tún rán an padà!” Ẹjọ́ rẹ̀ yóò le fún mi láti dá.

Ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn iju náà, ìpá yọ ní ojú àpá àbúrò ìyá mi, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ikùn tí a là ní òòró ju èyí tí a là ní ìbú lọ. Ilé-ìwòsàn mìíràn ni a gbé e lọ. Dókítà obìnrin kan, tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn, wo ikùn náà, ó sì kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá a dọ́gba. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fín síbí?” Ìyá náà sọ fún un. Ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí èmi kò gbọ́ rí títí di ọjọ́ náà. Dókítà náà ní, “Màmá, mo ní láti yọ àpá àtijọ́ yìí kúrò, nítorí náà awọ yóò dín. Mo lè gbìyànjú kí ó pàdé, ṣùgbọ́n kò ní í pé bí ti àtètèkọ́ṣe. Yóò sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún iṣẹ́ náà. Ṣé kí n ṣe é, àbí kí n fi sílẹ̀?” Ìyá náà béèrè bóyá ìṣẹ́jú yẹn léwu. Dókítà ní rárá. Ó ní kí ó ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́-abẹ, ó ní kí Màmá dìde dúró, ó mú kálàmù aláwọ̀ elésè àlùkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ó ṣe méjì, ó ṣe mẹ́rin. Nígbà tí ó ṣe ẹ̀kẹfà, ìyá náà mi orí, ó fi èékánná tọ́ka sí ibì kan tí ó fi díẹ̀ ga ju àmì náà lọ. Ó ní, “Kì í ṣe ibẹ̀. Ibí ni itan rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.” Dókítà fi òwú nu àmì náà nù, ó sì tún un ṣe sí ibi tí èékánná wà.